Ọ̀gá ní kí n máa mú aidíà M&A wá ní gbogbo Mọ́ńdè, níbo lẹ ti ń rí tiyín?

Mọrẹ́nikẹ́_Asẹ́rò · Ọjọ́rú, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ ìmọ̀ràn okòwò kékeré kan ni mo wà ní Òkè-Ìlewò l'Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ wa ni ká máa bá àwọn kọ́ńpìnì ra kọ́ńpìnì míì, ká bá wọn ta tiwọn, tàbí ká da méjì pọ̀ sójú kan, òun ni wọ́n ń pè ní M&A. Analyst ni mí, ẹni tó ń wádìí kọ́ńpìnì tó sì ń ṣe ìṣirò wọn, èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọ̀gá wa ti ní kí analyst kọ̀ọ̀kan máa mú aidíà méjì wá sípàdé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ta ló yẹ kó ra ta, ta ló yẹ kó ta apá kan nínú ohun tó ní. Èmi náà á jókòó, mà á ṣí lísìtì àwọn kọ́ńpìnì orí NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, mà á wo àwọn tó ń ṣe òwò kan náà, mà á wá kọ pé kí lágbájá ra làmọ̀rín. Nǹkan méjì péré ni ọ̀gá máa ń béèrè: "kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?" àti "ta la máa pè lórí fóònù?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń pin sí. Ká ṣe model, ìyẹn ìṣirò iye kọ́ńpìnì, Excel ò ni mí lára rárá, ṣùgbọ́n níbo gan-an ni aidíà ti ń wá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i, mo fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dénú.

Àgbà_Òkè_Ìlewò · 9:20 alẹ́

Àbúrò mi, o káre tó o béèrè. Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé èèyàn kì í déédéé ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan ló máa ń lé e débẹ̀, ohun tó sì ń lé wọn jù nílẹ̀ wa ni òfin. Oṣù Keje 2004 ni Sólúdò, gómìnà CBN (báńkì àpapọ̀) nígbà yẹn, ní kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà kó di bílíọ̀nù 25, ó fún wọn di ìparí 2005. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn, 25 ló jáde lódì kejì. Láàárín oṣù méjìdínlógún yẹn, ẹni tó bá ti ní lísìtì àwọn tí owó wọn ò tó lápá ọ̀tún, tó ní ti àwọn tí owó wọn ṣẹ́kù lápá òsì, iṣẹ́ ò wọ́n ọn. Ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn oní-pẹ́ńṣọ̀n, PenCom, àjọ tó ń rí sí wọn, gbé owó ìpìlẹ̀ tiwọn láti bílíọ̀nù 1 sí bílíọ̀nù 5 ní 2021, ọdún kan péré ni wọ́n fún wọn, kí á tó pajú pé Access ti ra First Guarantee àti Sigma, FCMB ti ra ti AIICO, GTCO ti ra ti Investment One. Lẹ́yìn náà CBN tún dé ní Oṣù Kẹta 2024, bílíọ̀nù 500 fún báńkì tó fẹ́ máa ṣe ti òkè òkun, 200 fún ti orílẹ̀-èdè, 50 fún ti agbègbè, ó di 31 Oṣù Kẹta 2026. Òfin ìbánigbófò tuntun ti 2025 náà ń bẹ, bílíọ̀nù 10 fún oní-life (ti ẹ̀mí), 15 fún non-life (ti dúkìá), 35 fún reinsurance (àwọn tó ń dáàbò bo ilé iṣẹ́ ìbánigbófò fúnra wọn).

Nítorí náà ohun tí màá ní kó o ṣe ni kó o máa ka gbogbo circular, ìyẹn ìwé àṣẹ, tí CBN, NAICOM tó ń rí sí ìbánigbófò, PenCom àti SEC tó ń rí sí ọjà ṣíà bá gbé jáde lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abẹ́òkúta, microfinance, àwọn báńkì kéékèèké, ló sún mọ́ yín jù. Mílíọ̀nù 50 ni owó ìpìlẹ̀ unit, ìyẹn ìpele ìsàlẹ̀ wọn, tó kéré jù, mílíọ̀nù 200 ni èyí tó tẹ̀ lé e, bílíọ̀nù 1 ni ti ìpínlẹ̀. Kó unit mélòó kan jọ ní Ìjẹ̀bú, Yewa àti Ẹ̀gbá níbí, kí wọ́n di ẹyọ kan tó ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀. Gbé ìyẹn lọ bá ọ̀gá rẹ.

Tóyìn_Olódítà · 9:48 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ má bínú sí mi o, mi ò gbà tán. Ọjọ́ tí circular bá jáde ni gbogbo ayé ń kà á, MD kọ́ńpìnì náà ti kà á kí analyst tó jí. Tí Mọrẹ́nikẹ́ bá lọ sọ fún un pé CBN ti gbówó sókè, kí ló sọ tí ọkùnrin yẹn ò mọ̀? Ohun tó lówó lórí ni kó mọ ẹni tó yẹ kó bá ẹni pọ̀, inú ìwé ìṣirò ni ìyẹn wà, kò sí nínú circular. Ẹ sì wò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé lísìtì jáde ní 2024 gbé e jáde lódìkejì, torí CBN sọ pé share capital àti share premium, ìyẹn owó tí onípìn-ín fi ra ṣíà, nìkan lòun máa kà, èrè tí báńkì ti kó pamọ́ láti ọdún gbọọrọ ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó wo total equity, tí èrè yẹn wà nínú rẹ̀, nìkan á rò pé báńkì kan ti yọ, nígbà tó jẹ́ pé owó ńlá ni wọ́n ṣì ń wá.

Ti microfinance yẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ti ṣe ọ́dítì wọn. Owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń wò ni èyí tí àdánù ò tíì jẹ. Unit mẹ́rin tí ìdajì lóònù wọn ti kú, tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, lóònù tó kú náà lẹ dà pọ̀, bílíọ̀nù kan ò lè tibẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo lóònù tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọn ò tíì san.

Mọrẹ́nikẹ́, bí mo ṣe ń ka annual report rèé, ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í dúró níbi fọ́tò chairman. Mà á lọ síbi segment note, tó ń pín ìṣirò sí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mà á wá ẹ̀ka tó ń jẹ owó púpọ̀ tí èrè rẹ̀ kéré, tí kò bá àwọn ẹ̀ka yòókù jọ, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tà. Mà á wo borrowings, ọdún wo ni gbèsè ńlá pé? Mà á wo àwọn tó ní ju 5% lọ, bóyá wọ́n yí padà sí ti èṣí. Mà á wo free float, ìyẹn ṣíà tó wà lọ́wọ́ aráàlú, torí NGX fẹ́ kí 20% wà lọ́wọ́ aráàlú, tàbí kí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 20 náírà lórí Main Board, ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń dín, àfi kó tà fún aráàlú tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ kúrò lọ́jà. Lẹ́yìn náà mà á wo ìwé ìpè AGM, ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín. Òfin ní kí director kọ́ńpìnì aráàlú tó bá ti pé 70 ọdún sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n sì máa ń tẹ orúkọ wọn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni 70 ọdún yẹn ló dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, òun náà ló ní ìpín tó pọ̀ jù, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan lórí board, ìdáhùn sí "kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí" ti wà níwájú rẹ.

Ọmọ_Èwékorò · 10:05 alẹ́

Àpẹẹrẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yín níbẹ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Lafarge ní Èwékorò. Oṣù Kejìlá 2024 ni Holcim, kọ́ńpìnì ilẹ̀ Switzerland tó ni ín, ní òun máa ta 83.81% Lafarge Africa fún Huaxin ti Ṣáínà, bílíọ̀nù 1 dọ́là ni wọ́n ní gbogbo kọ́ńpìnì náà jẹ́. Sìmẹ́ńtì tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 10.6 ló lè ṣe lọ́dún. Ẹ pín in, bíi dọ́là 94 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ta ló lè kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun níye yẹn? Ẹ máa wá ohun tó rọjú láti rà ju kéèyàn kọ́ ọ lọ, aidíà nìyẹn.

Dàmọ́lá_Valuation · 10:31 alẹ́

@Ọmọ_Èwékorò ọ̀nà tó o gbà ronú dáa, àmọ́ dọ́là 94 yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Bílíọ̀nù 1 yẹn, iye ṣíà ni, equity. Kó tó di pé o pín in fún tọ́ọ̀nù, o gbọ́dọ̀ fi gbèsè kún un kó o yọ owó tó wà ní báńkì kúrò, ìyẹn ni enterprise value. Àwọn kan máa ń da méjèèjì pọ̀, wọn á wá fi dílì kan wé òmíràn tí kò jọ ọ́. Nígbà tí Flour Mills kéde ní Oṣù Kọkànlá 2021 pé òun ń ra Honeywell Flour, bílíọ̀nù 80 náírà tí wọ́n dárúkọ, enterprise value ni, gbèsè máa kúrò nínú rẹ̀ kó tó kan onípìn-ín. Analyst tó bá gbé bílíọ̀nù 80 pín fún iye ṣíà, ọ̀gá á lé e jáde nípàdé.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí Mọrẹ́nikẹ́ kọ́ nínú dílì Lafarge kọjá iye owó. Ẹ tẹ̀ lé ẹni tó ń tà. 2021, Holcim ta Zambia àti Malawi, Huaxin yìí kan náà ló sì tà á fún. 2022, Zimbabwe. 2023, ó fọwọ́ sí títa Uganda àti Tanzania. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ ní Switzerland pé òun ń kó lọ sí àwọn ọjà míì. Kí 2024 tó parí ó ti yẹ kí Nàìjíríà wà lórí bébà ẹnì kan. Huaxin náà kì í sì í ṣe àjèjì, Holcim fúnra rẹ̀ ló ní bíi 42% nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó máa rà á ò ṣòro mọ̀. Ẹ máa ka ohun tí ọ̀gá àgbà ń sọ fún àwọn tó ni ín lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Diageo ṣe, ìpín ní àwọn ilé ọtí Áfíríkà ló ń tà kí ó tó kan Guinness Nigeria, Oṣù Kẹfà 2024 ló kéde 58.02% fún Tolaram. Kí ni Tolaram ní? Àwọn ló wà nídìí Indomie, wọ́n mọ bí ọjà ṣe ń dé gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú.

Mọrẹ́nikẹ́_Asẹ́rò · 10:44 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ti ìwé ìpè AGM yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá, Holcim ò ní gbé fóònù wa láéláé. Àwọn oníbàárà tiwa ni ilé ìwòsàn aládàáni, mílì oúnjẹ adìyẹ, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn oní-pure water. Wọn ò sí lórí NGX, wọn ò ní annual report tí mo lè kà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn?

Ìyá_Mílì_Ọbáńtókò · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, ẹ wá jẹ́ kí èmi tí wọ́n ń wá rà sọ tèmi.

Mo ní mílì tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Àwọn ọ̀dọ́ oní-súùtù máa ń wá, tí wọ́n bá ti jókòó tán ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa jáde lẹ́nu wọn ni "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ tà?" Ká sòótọ́, ó máa ń dùn mí. Ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ fún mi ni pé mo ti kú tàbí mo ti wọ gbèsè. Tí ìròyìn bá sì jáde pé mo fẹ́ tà, ọjọ́ kejì ni àwọn tó ń gbé sóyà wá fún mi ní kírédíìtì á ní kí n sanwó lọ́wọ́.

Ẹnì kan wà tó wá yàtọ̀. Ọmọdékùnrin ni, kò ju ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ. Kò béèrè títà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun jókòó síbi òṣùwọ̀n tí a ti ń wọn ọkọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ wo ló gbé àgbàdo wá, ibo ló ti wá, aago mélòó la tan mixer, aago mélòó la pa á. Nígbà tó tó àsìkò oúnjẹ ó wá bá mi, ó ní "Màmá, ẹ̀rọ yín lè lọ ìlọ́po méjì ohun tó ń lọ, mi ò rí i kí ó ṣiṣẹ́ tó wákàtí márùn-ún lóòjọ́, kí ló fà á?" Mo ní owó àgbàdo ni. Tí àgbàdo bá jáde lóko tó rọjú, mi ò ní owó tí màá fi kó o pamọ́ torí owó mi wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ adìyẹ tó ń gba oúnjẹ lọ tí wọn kì í san án títí wọ́n á fi ta ẹyin. Tó bá wá di Oṣù Karùn-ún, Oṣù Kẹfà, kí tuntun tó dé, àgbàdo ti wọ́n, tí mo bá rà á níye yẹn mi ò jèrè. Ó wá sọ fún mi pé ẹnì kan wà ní apá Òkè-Ògùn tó ní gọ̀dáù ńlá, àgbàdo kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wà láìlọ̀ ọ́ ló ń tà á, èrè táṣẹ́rẹ́ ló ń rí. Ó ní kì í ṣe pé kí n ta mílì, kí ẹni yẹn fi àgbàdo àti owó ra ìdá kan nínú rẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni pé ó mọ ìṣòro mi kó tó dárúkọ ẹnì kankan.

Nítorí náà má lọ jókòó sí ọ́fíìsì kó o máa wá aidíà. Lọ sí ìpàdé àwọn PAN (ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìyẹ) ti ìpínlẹ̀, lọ sí OGUNCCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Ogun, bá àwọn dírẹ́bà tó ń gbé ọjà sọ̀rọ̀, bá dísíríbútọ̀ tó ń gba ọjà lọ́wọ́ kọ́ńpìnì méjì tó ń bára wọn jà, ó mọ èyí tí ọjà rẹ̀ ti ń dúró sórí àtẹ kí MD tó mọ̀. Kó o sì béèrè lọ́nà tó tọ́, ta ló máa bójú tó o lẹ́yìn yín? Àwọn ọmọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ wa wà ní Kánádà tí wọn ò ní padà wá lọ oúnjẹ adìyẹ.

Àgbà_Òkè_Ìlewò · 7:02 àárọ̀

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ yín wọlé, ó ṣe kókó ju tèmi lọ fún àwọn tó wà ní ipò Mọrẹ́nikẹ́.

Bísí_Treasury · 7:40 àárọ̀

Mo fẹ́ràn ìtàn Màmá, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aidíà wá sípàdé láìṣe ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún yìí. CBN gbé MPR, èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, dé 27.5% ní Oṣù Kọkànlá 2024. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dín in kù díẹ̀, báńkì ò ní yá oníṣòwò lówó níye yẹn, wọ́n á fi tiwọn lé e, ẹ kà á sí 30% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní mílì kan ń rí mílíọ̀nù 600 lọ́dún kó tó san èlé àti owó orí. Wọ́n ní bílíọ̀nù 3 làwọn fẹ́ gbà. Tí ẹni tó fẹ́ rà á bá yá gbogbo rẹ̀ ní 30%, èlé nìkan mílíọ̀nù 900. Ó ti wọ gbèsè mílíọ̀nù 300 lọ́dún kìíní kó tó da ojú owó padà. Tó bá yá bílíọ̀nù 1 péré, èlé jẹ́ mílíọ̀nù 300, ìdajì èrè ló lọ, ìyẹn ṣeé gbọ́. Bílíọ̀nù 2 tó kù dà? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ aidíà analyst ti ń kú, wọ́n mọ ẹni tó yẹ kó rà á, wọn ò wo àpò rẹ̀. Kọ́kọ́ wo balance sheet ẹni tó fẹ́ rà, èló ló ní ní báńkì, èló ni gbèsè rẹ̀ sí EBITDA (èrè kó tó yọ èlé, owó orí àti owó ẹ̀rọ tó ń gbó), kó o tó lọ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ tà.

Àgbà_Òkè_Ìlewò · 8:15 àárọ̀

Ìṣirò Bísí pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dílì ni wọ́n ń fi lóònù ṣe. Nígbà tí báńkì Access àti Diamond dà pọ̀, Oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n kéde rẹ̀, náírà 1 péré ni onípìn-ín Diamond gbà lówó lórí ṣíà kan, ìyókù, ṣíà Access méjì lórí méje ti Diamond. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 3.13 lórí ṣíà kan. Ṣíà ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Ẹ tún lè pín owó náà sí ọdún méjì mẹ́ta, tàbí kí wọ́n ní tí èrè bá dé ibi báyìí a ó tún fi báyìí kún un.

Tóyìn_Olódítà · 8:33 àárọ̀

Ṣíà Access, ẹni tó gbà á lè tà á lórí NGX lọ́jọ́ kejì. Ṣíà mílì tí ẹnì kan ní Ṣakí ni, ta ni Màmá fẹ́ tà á fún? Tí dílì bá jẹ́ ti kọ́ńpìnì aládàáni, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́dún báyìí, ẹni tó gba ṣíà lè fipá mú ẹnì kejì rà á padà, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe máa ka iye rẹ̀.

Ìyá_Mílì_Ọbáńtókò · 8:50 àárọ̀

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Tóyìn. Èmi ò ní gba bébà tí mi ò lè sọ di owó.

Káyọ̀dé_Fúǹdù · 11:10 àárọ̀

Ẹ̀ka kan wà tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn private equity. Owó àwọn ẹlòmíì ni wọ́n kó jọ, ọdún mẹ́wàá ni fúǹdù wọn sábà máa ń lò, wọ́n gbọ́dọ̀ tà kí wọ́n tó dá owó padà. Kọ́ńpìnì tí fúǹdù bá ti wọ̀ láti nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò sí ìdí láti béèrè "kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí" lórí rẹ̀, aago ti ń lu. Mọrẹ́nikẹ́, àwọn kọ́ńpìnì aládàáni tó o ní kò sí ìwé lórí wọn, CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, ní rẹ́jísítà àwọn tó ní agbára lórí kọ́ńpìnì, láti 5% sókè, lọ wò ó.

Ẹ tún máa ṣọ́ àwọn ìpín kéékèèké. 2016 ni Coca-Cola ra 40% nínú Chi, àwọn Chivita àti Hollandia. Ẹni tó bá ra 40% ti ní nǹkan lọ́kàn, 2019 ló kó ìyókù. Ìtàn ò sì pin síbẹ̀, 2025 ni UAC rà á lọ́wọ́ Coca-Cola. Tí mo bá jẹ́ analyst màá ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo ẹni tó ra 20%, 30%, 40% nínú kọ́ńpìnì sí, pẹ̀lú ọdún tó rà á, màá sì máa ṣí i lóṣooṣù. Mi ò fara mọ́ ọn pé kéèyàn kàn máa lọ jókòó síbi òṣùwọ̀n, Màmá ẹ má bínú, analyst tó ń tọ́jú ogójì kọ́ńpìnì ò lè jókòó síbi ogójì òṣùwọ̀n. Kó fi ìwé yọ márùn-ún jáde, kó wá lọ bá márùn-ún yẹn.

Lọ́yà_Ìbarà · 12:25 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi ti òfin sí i, torí aidíà tí òfin máa dí lọ́nà, ọ̀gá tó gbọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Látìgbà tí òfin FCCPA ti 2018 ti dé, FCCPC, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà, là ń gbé merger (ríra kọ́ńpìnì tàbí dída méjì pọ̀) lọ bá, kì í ṣe SEC bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí owó tó ń wọlé fún àwọn méjèèjì pọ̀ bá tó bílíọ̀nù 1 náírà lọ́dún, tàbí ti ẹni tí wọ́n ń rà bá tó mílíọ̀nù 500, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó parí rẹ̀. Ẹ wo bí iye yẹn ṣe kéré tó, mílì tí Bísí fi ṣe àpẹẹrẹ ti wọ̀ ọ́. Èyí tó bá kéré sí i náà, FCCPC ṣì lè pè yín láàárín oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnì aráàlú, ẹni tó bá ti ra tó 30% gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ríra sí àwọn onípìn-ín yòókù, ẹ ka owó ìyẹn mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ scheme, ìyẹn ètò ìdàpọ̀ tó ń gba ilé ẹjọ́ kọjá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ṣíà àwọn tó wá dìbò gbọ́dọ̀ gbà, kí Federal High Court tó fọwọ́ sí i. Àsìkò náà ńkọ́, Seplat tó ń wa epo kéde pé òun ń ra iṣẹ́ epo ExxonMobil ní Oṣù Kejì 2022, Oṣù Kejìlá 2024 ló tó parí, ìyọ̀ǹda ìjọba ló dá a dúró.

Èkejì, Mọrẹ́nikẹ́, jọ̀ọ́ má gbé orúkọ oníbàárà yín síbí, bó ti wù kó kéré tó. Ohun tó o bá gbọ́ lẹ́nu oníbàárà kan, o ò gbọ́dọ̀ fi ṣe aidíà fún ẹlòmíì. Tó bá sì jẹ́ ti orí NGX, má ra ṣíà kan níbẹ̀, má sì sọ fún ẹbí tó máa rà á.

Mọrẹ́nikẹ́_Asẹ́rò · 9:30 alẹ́

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n Lọ́yà. Mo ti jókòó kọ ohun tí mo fẹ́ gbé lọ ní Mọ́ńdè, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó máa rà á jẹ́ hatchery kan ní Ogun níbí, ó ń bí ọmọ adìyẹ, ó tún ń sin àwọn tó ń yé. Oúnjẹ ló ń ná owó lé jù, ó sì ń rà á níta. Ó ní owó ní báńkì, gbèsè rẹ̀ kéré. Ẹni tó máa tà jẹ́ mílì tí bàbá tó ni ín ti lé ní àádọ́rin, àwọn ọmọ ò sí nílé. Mílì náà kì í ṣiṣẹ́ tán lóòjọ́, torí náà oúnjẹ tí hatchery nílò á kún inú rẹ̀ láìra ẹ̀rọ tuntun. 40% owó náà lọ́wọ́, ìyókù láàárín ọdún méjì látinú èrè, bàbá á sì dúró gẹ́gẹ́ bí alága fún ọdún kìíní. Ojú ìwé kan péré ni. CFO, ọ̀gá tó ń bójú tó owó hatchery, la máa kọ́kọ́ pè.

Bísí_Treasury · 9:41 alẹ́

Èyí dáa. Fi ìṣirò kan sí i fún mi, èló ni hatchery máa rí pamọ́ lórí tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan tó bá ń lọ ọ́ fúnra rẹ̀? Ìlà yẹn ló máa ta dílì náà.

Dàmọ́lá_Valuation · 9:55 alẹ́

Kó o sì kọ ẹni kejì tó lè rà á sísàlẹ̀ rẹ̀. Tí hatchery bá sọ pé rárá, ṣé ó tán nìyẹn? Ọ̀gá máa béèrè.

Tóyìn_Olódítà · 10:08 alẹ́

Mi ò fara mọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́kọ́ pè. Tẹ́ ẹ bá lọ bá CFO hatchery kẹ́ ẹ tó bá bàbá yẹn, ọjọ́ kejì ni yóò wakọ̀ lọ bá a fúnra rẹ̀, ẹ̀yin á wá jókòó láìrí kọ́bọ̀. Bàbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Lọ́yà_Ìbarà · 10:20 alẹ́

Tóyìn ló jàre. Kí bàbá fọwọ́ sí mandate, ìwé tó fi gbé iṣẹ́ títà náà fún yín, ná, tí ó sọ owó iṣẹ́ yín síbẹ̀ àti pé bó bá tà á láàárín ọdún kan fún ẹni tẹ́ ẹ mú wá, owó yín ṣì dúró. Lẹ́yìn náà kí hatchery fọwọ́ sí NDA, àdéhùn pé wọn ò ní sọ ọ́ síta, kẹ́ ẹ tó dárúkọ mílì.

Tóyìn_Olódítà · 10:26 alẹ́

Kẹ́ ẹ tó lọ rárá, ẹ ṣe search ní CAC, ẹ wo rẹ́jísítà charges, ìyẹn dúkìá tí wọ́n fi dúró fún gbèsè. Tí báńkì kan bá ti fi charge sórí ẹ̀rọ àti ilẹ̀ mílì náà, báńkì yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ títà, ẹ sì máa mọ ọdún tó yá owó náà àti iye rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́_Asẹ́rò · 10:34 alẹ́

Màá ṣe search náà láàárọ̀ ọ̀la, màá sì ṣe ìṣirò tọ́ọ̀nù fún ẹ̀gbọ́n Bísí. Mo máa yí ẹni tí a máa pè padà sí bàbá. Màmá Mílì, ṣé mo lè fi inbox béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti lọ tọ́ọ̀nù kan báyìí?

Ìyá_Mílì_Ọbáńtókò · 10:50 alẹ́

Béèrè, ọmọ mi. Mà á fún ẹ ní iye tí à ń gbà àti iye tí dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ lórí rẹ̀, torí ọjọ́ tí iná bá wà àti ọjọ́ tí kò bá sí, ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.